Ẹyẹ Aláró Méjì, Ìṣòro Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé àwòrán makáù hyacinth àti ti Lear síwájú wa, ọ̀pọ̀ wa ni yóò sọ pé ẹyẹ kan náà ni. Ìbátan odídẹrẹ́ ni àwọn méjèèjì, Brazil ni wọ́n wà, àwọ̀ wọn dà bí aró, èkùrọ́ ni wọ́n sì ń fi àgógó wọn fọ́ jẹ. Hyacinth kàn gùn jù ni: ó tó 100 sẹ̀ǹtímítà, Lear kò ju bíi 75 lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé òfin kan ṣoṣo, "ẹ má tà á, ẹ má rà á", ti tó fún àwọn méjèèjì. Èmi ò gbà.

Lóòótọ́, òwò ẹyẹ wà lára ohun tó dín wọn kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wọn. Ní Pantanal, inú ihò igi manduvi ni hyacinth máa ń yé sí jù, igi náà sì gbọ́dọ̀ tó bíi 60 ọdún kó tó ní ihò tó gbà á. Bí a bá gé ọ̀kan lónìí, ọmọ ẹni tó gé e lè darúgbó kí àrọ́pò rẹ̀ tó wúlò. Ẹyẹ túkáànì ló ń gbé èso igi yìí kiri, òun náà ló tún ń jẹ ẹyin hyacinth! Ẹni tó bá lé túkáànì nítorí ẹyin ti lé igi náà lọ.

Lear kò bá manduvi ṣe. Ihò ara àpáta ní Bahia, lágbègbè Canudos, ni ilé rẹ̀. Èso ọ̀pẹ likuri ni oúnjẹ rẹ̀. Màlúù ń jẹ likuri kéékèèké. Bí likuri bá wọ́n, ẹyẹ á wọ oko àgbàdo, àgbẹ̀ á sì yìnbọn. A máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Oko ìwájẹ gan-an ni Lear ń kú sí. Àwọn tó fi àgbàdo san àdánù àgbẹ̀ padà ni mo gbé òṣùbà fún. Lear tí kò tó 100 ní nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn ti lé ní 1,000 báyìí.

Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò láti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ tiwa láti inú igbó lọ tà sókè òkun. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ràn ìkó odídẹ, ta ni nínú wa tó mọ igi tó ń yé sí?