Òwe Kọ́ Ni A Fi Ń Wọn Eré Ìje

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì rọlẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ eré ìje ní ilẹ̀ wa láti ọjọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 2022, tí Tóbi Amusan ti gba wúrà ìdíje àgbáyé ní ìlú Eugene, ní Amẹ́ríkà. A ó bá a lọ́dọ̀ àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú àtẹ oníwèé ìròyìn ní Karaworo. A ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. A ó tún bá a níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, níbi tí ọ̀rọ̀ ìdánwò ì bá ti gba iwájú. Apá kan ní kò tíì sí asáré kan ní Nàìjíríà tí ó tó ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Òde yìí. Apá kejì ní ọ̀rọ̀ èwe ni. Wọ́n ní níbo ni a fẹ́ gbé Mary Onyali sí, níbo ni a fẹ́ gbé Fálílátì Ògúnkọ̀yà sí, níbo ni a fẹ́ gbé Chioma Ajunwa, Gloria Alozie àti Sunday Bada sí? Ìjà yìí kì bá tí kàn wá ní ẹ̀ka èdè Yorùbá bí kò bá ṣe pé òwe ni apá kejì fi ń ṣe ohun ìjà, tí wọ́n sì ń ṣì í lò.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Bí wọ́n bá ti pa á tán, wọn a wo yíká bí ẹni tí ó ti ro ẹjọ́ tirẹ̀ já, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sì panu mọ́, nítorí a ti kọ́ wọn láti kékeré pé òwe àgbà kì í ní èsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí òwe náà wí. Ó gbà láìjanpata pé ọmọdé lè ní aṣọ tó ti àgbà. Aṣọ ni a sì ń jiyàn lé lórí níhìn-ín: wúrà, fàdákà, idẹ, àti iye tí aago kọ sílẹ̀. Àkísà ni ìrírí, ìyẹn ohun tí ojú àgbà ti rí. Ẹni tí ó bá fi òwe àkísà dá ẹjọ́ aṣọ, ó ti kúrò nínú ẹjọ́ tí a pè é sí.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé àkísà ni a fẹ́ kà, Amusan kò ṣàìní tirẹ̀. Ipò kẹrin ni ó wà ní Doha ní ọdún 2019. Ipò kẹrin náà ni ó tún wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ti Tokyo, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021. Ẹni tí ó bá mọ eré ìje mọ̀ pé kò sí ipò tí ó korò tó ipò kẹrin: ènìyàn mẹ́ta ń gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́rùn, ìwọ ń kó bàtà rẹ sínú àpò. Ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ìgbà mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò oògùn kò bá a níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti bá a. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre. Ó lọ sáré ní Budapest, ó sì ṣe ipò kẹfà. Ní Paris ní ọdún 2024, kò dé àṣekágbá. Ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó padà wá gba fàdákà àgbáyé, ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.29. Bí èyí kì í bá ṣe àkísà, kí ni à ń pè ní àkísà?

Òwe kejì tí wọ́n fẹ́ràn ni pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi kò rí ẹni tí ó jókòó sáré ìje rí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè fi òwe dá òwe lóhùn, kí ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. N kò ní bá a dá sí i. Níbi tí aago bá wà, ó yẹ kí òwe fara balẹ̀ kí aago kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ nípa eré náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ariwo yìí. Igi ìdènà mẹ́wàá ni obìnrin ń fò láàárín ọgọ́rùn-ún mítà. Gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8. Mítà 13 ni ó wà láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ dé igi kìn-ín-ní, mítà 8.5 láàárín igi kan sí èkejì, mítà 10.5 láti igi ìkẹyìn dé òpin. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni asáré ń gbé láàárín igi méjì, nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ ní igi kẹrin kò ní àyè láti tún un ṣe kí ó tó kan ìkarùn-ún. Ní ọdún 2016, ní London, Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà sá eré yìí ní 12.20, ó sì tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè borí rẹ̀. Ní Eugene, nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, Amusan sá a ní 12.12, Harrison fúnra rẹ̀ wà nínú eré náà, ẹ̀yìn ni ó sì wà. Ní ọjọ́ kan náà Amusan tún jáde, ó sá àṣekágbá ní 12.06. Afẹ́fẹ́ tí ń tì wọ́n lẹ́yìn nígbà náà jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju 2.0 tí òfin gbà lọ, nítorí náà wọn kò kọ 12.06 sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Wúrà kò bá afẹ́fẹ́ lọ ní tirẹ̀. Títí ọdún 2025 fi parí, kò sí obìnrin tí ó sá eré náà ní iye tí ó kéré sí 12.12 lábẹ́ afẹ́fẹ́ tí òfin gbà.

Àwọn kan ṣiyèméjì. Michael Johnson, asáré Amẹ́ríkà àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, wà lára àwọn tí ó bèèrè ní gbangba bóyá aago kò ṣìnà lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sáré ju bí wọ́n ti ń sá tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ eré ìje àgbáyé fọwọ́ sí 12.12 náà lẹ́yìn rẹ̀. A ó tún pàdé Johnson níwájú.

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi wé Amusan ni Gloria Alozie, nítorí eré kan náà ni àwọn méjèèjì yàn, ó sì jọ mí lójú pé òun gan-an ni orúkọ rẹ̀ kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn tí ń jà fún àgbà. Fàdákà àgbáyé ni ó gbà ní Seville ní ọdún 1999. Ní Sydney ní ọdún 2000, ó gba fàdákà Òlíḿpíìkì ní 12.68, nígbà tí Olga Shishigina ti Kazakhstan gba wúrà ní 12.65. Ọ̀fọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà: àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Hyginus Anugo, tí òun náà jẹ́ asáré Nàìjíríà, ti kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Sydney kan náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó fò, ó sì dé òpin. 12.44 tí Alozie sá ní àkókò tirẹ̀ ni ó jẹ́ òkè téńté ní Áfíríkà títí di ọdún 2021, tí Amusan sá 12.42 ní Zurich. Mo gbà pé Amusan ga ju Alozie lọ nínú eré yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ já mi ní koro, kí ó sọ ohun tí yóò fi já a.

Nípa ti Ajunwa, wọn a ní òun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tí ó dá wúrà Òlíḿpíìkì gbà, ní Atlanta, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, nígbà tí ó fo mítà 7.12. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n fífò jìnnà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe eré ìje. A kì í mú agbẹ́gilére lọ fi wé alágbẹ̀dẹ. Ibì kan wà, síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Ajunwa ti wúlò fún wa. Ní ọdún 2021, Ese Brume fo mítà 7.17, ó sì kọjá iye Ajunwa. Ǹjẹ́ ẹnì kan ní Karaworo tíì wí pé Brume tóbi ju Ajunwa lọ? Èmi kò tíì gbọ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ nínú ara wa pé iye nìkan kò tó: a ó bèèrè ibi tí a ti ṣe é, ọjọ́ tí a ṣe é, àti àwọn tí a ṣe é lójú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi dúró lẹ́yìn Amusan. Iye àti wúrà pàdé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan, lójú Harrison tí ó ni àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti Jasmine Camacho-Quinn tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní ọdún tí ó ṣáájú. N kò mọ asáré mìíràn ní Nàìjíríà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni àtakò kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn: pé Amusan kò tíì gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì, nítorí náà kò tíì di nǹkan kan. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti Sydney. Ní ọdún 2000 yẹn, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sáré fún Nàìjíríà nínú eré irinwó mítà tí ẹni mẹ́rin ń gbà fún ara wọn. Ìṣẹ́jú 2:58.68 ni wọ́n sá a. Amẹ́ríkà ṣe ìkínní, Johnson yìí kan náà ni ó sì kẹ́yìn fún wọn. Fàdákà ni a kó wálé. Nígbà tí ó di ọdún 2008, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, Antonio Pettigrew, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kọ̀. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn. Johnson, tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀sùn kàn, ti yọ̀ǹda tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún 2012 ni àjọ Òlíḿpíìkì tó kéde pé Nàìjíríà ni ó ni ín. Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Ẹ̀yin tí ń fi àmì-ẹ̀yẹ nìkan wọn ènìyàn, ẹ wá dá mi lóhùn. Bada tí ó ti gba wúrà àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Paris ní ọdún 1997, ṣé kékeré ni ó jẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, tí ó wá di ńlá nínú ibojì? Àwọn ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí ó sáré ní Sydney kò yí padà. Ìwé ni ó yí padà. Bákan náà ni àwọn obìnrin wa ní Atlanta ní ọdún 1996: Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Fálílátì Ògúnkọ̀yà sá eré kan náà ní 3:21.04, Amẹ́ríkà sá a ní 3:20.91. Ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó wà láàárín wúrà àti fàdákà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ìdájọ́ sórí ìdá mẹ́tàlá, ilẹ̀ tí ó yàn tóóró.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń pàtẹ́wọ́ fún mi má tíì pàtẹ́wọ́ tán. Mo ti gbọ́ nínú wọn ẹni tí ó ní àwọn Onyali kì bá tí rí ẹsẹ̀ gbé láyé òde òní. Onyali tí ó lọ sí Òlíḿpíìkì márùn-ún, láti ọdún 1988 dé 2004, tí ó gba idẹ nínú eré igba mítà! Ògúnkọ̀yà tí ó sá irinwó mítà ní 49.10, tí ó gba idẹ lẹ́yìn Marie-José Pérec àti Cathy Freeman! Kí ọmọ tí ó sọ èyí lọ bèèrè iye ọmọ Nàìjíríà tí ó ti sá 49.10 láti ìgbà náà. Irú ìjà yìí wà níbòmíràn pẹ̀lú. Ní Bìrìtìkó, wọ́n ń jà lórí Lewis Hamilton, awakọ̀ eré ìje tí ó gba adé àgbáyé méje, iye kan náà pẹ̀lú Michael Schumacher; àwọn àgbà a sì dìde, wọn a ní Juan Manuel Fangio ti Ajẹntínà gba márùn-ún láàárín ọdún 1951 sí 1957, nígbà tí eré inú ọdún kan kò tó mẹ́wàá, àti pé nínú eré 51 tí ó bẹ̀rẹ̀, 24 ni ó borí. Àwọn wọ̀nyẹn ń jà, ṣùgbọ́n iye eré àti ọdún ni wọ́n ń kó síwájú ara wọn. Àwa ní òwe.

Orúkọ ọmọbìnrin náà gan-an, Olúwatóbilọ́ba, Ọlọ́run ni ó fi ìtóbi fún, nítorí náà kí àwọn tí ń pariwo pé “Tóbi ni ó tóbi jù” rọra fi orúkọ náà dápàárá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìṣeré lásán ni. Àwọn tí ń jiyàn nínú ọgbà yìí ni yóò tú ká lọ di tíṣà ní Lọ́kọ́ja, ní Kàbbà, ní Ìsánlú àti ní ìletò tí ọkọ̀ kì í dé lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan yóò sáré níbẹ̀ láìwọ bàtà, yóò fi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn, tíṣà rẹ̀ yóò sì fi òwe àkísà dá a dúró kí ó tó mí tán. Oríkì tí a jogún kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Oríkì a máa ka iṣẹ́ baba, a sì máa ka iṣẹ́ ọmọ, kì í mú ti baba bo ti ọmọ mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá gba ohun tí mo wí, kí ó kọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú kí ẹ̀dà tí ń bọ̀ tó jáde. Kí ó dárúkọ asáré tirẹ̀, eré tí ó sá, ọdún tí ó sá a, iye tí aago kọ, àti àwọn tí wọ́n jọ wà lórí ìlà. Òwe kan ṣoṣo ni mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ó sì rí i pé ó gbọ́ ọ délẹ̀ kí ó tó pa á.