Bàlúù Ogun: Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?

Ọmọ Borno ni mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ilé tí mò ń gbé ní Ajah. Bí hẹlikọ́pítà bá ń kọjá lókè ọ̀sà, á dákẹ́, á gbójú sókè títí ariwo rẹ̀ á fi lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ọ̀gá, lọ́dọ̀ wa, bí bàlúù bá ń bọ̀, èèyàn kì í mọ̀ bóyá ọ̀tá ló ń wá ni àbí òun.”

N kò sọ pé kí Nàìjíríà má ra bàlúù ogun. Ẹnu lásán kò lè lé Boko Haram lọ. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n rà á lẹ́yìn wa, kí wọ́n sì lò ó láìjíhìn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Super Tucano. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2017, bàlúù ọmọ ogun òfurufú wa ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno. Àwọn tó kú lé ní 100. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Lẹ́yìn èyí, ìjọba Obama dá títa bàlúù 12 fún wa dúró. Ìjọba Trump ló padà gbà á. Ní 2018, Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí sísan dọ́là mílíọ̀nù 496 láti inú owó epo rọ̀bì tí a fi pamọ́, kí ó tó kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin. Ẹni tó ń tajà ro ti Rann wò; àwa tí a lówó, tí a sì lókùú, kò sẹ́ni tó bi wá.

Àwọn kan á ní ogun kì í dúró de ìjíròrò. Ṣebí owó jáde ní 2018, bàlúù dé ní 2021? Ṣé oṣù kan péré fún ìjíròrò ló máa ba ogun jẹ́? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2023, ó tún ṣẹlẹ̀: dírónù ológun pa ó kéré tán èèyàn 85 níbi ayẹyẹ Máúlúdì ní Tudun Biri, ní Kaduna.

Ẹ̀yin ará Lekki àti Ajah, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Àríwá ni. Owó epo yẹn, ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni. Ìpín Èkó wà níbẹ̀, àwa tí àgbàrá ń wọlé bá lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí a sọ fún àwọn aṣòfin wa: kí owó bàlúù kankan má jáde mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a bá ṣèèṣì pa sílẹ̀, kí owó ìtanràn ẹbí wọn sì wà nínú ìwé ìnáwó kan náà tí owó bọ́ǹbù wà.