Káàdì Àwìn fún Arìnrìn-àjò: Ǹjẹ́ Èènì Rẹ̀ Tó Owó Ọdún Rẹ̀?



Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti Mápó dé Bẹyẹrúnkà, ìbéèrè kan ni àwọn oníṣòwò wa tí ń ré òkun kọjá ń bi mí lemọ́lemọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń sọ fún àwọn pé káàdì kan ń bẹ, tí ẹni tí ó bá ń fi í ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú yóò máa gba èènì lórí rẹ̀, tí yóò sì máa jókòó sí yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfurufú, tí yóò máa jẹ, tí yóò máa mu, láìsan kọ́bọ̀. Èyí tí wọn kì í sọ sókè tó bẹ́ẹ̀ ni pé káàdì náà ní owó tí a óò máa san lé e lọ́dọọdún. Ǹjẹ́ èènì náà tó owó náà? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń pè ní káàdì, nítorí gbogbo wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Èkíní ni káàdì tí ń fa owó jáde nínú àkáǹtì rẹ: owó rẹ ni o ń ná. Èkejì ni èyí tí o kọ́kọ́ rọ owó sí nínú kí o tó kúrò nílé: owó rẹ náà ni. Ẹ̀kẹta ni káàdì àwìn: owó báńkì ni o ń ná, ìwọ yóò sì san án padà nígbà tí oṣù bá parí. Orí ẹ̀kẹta yìí ni èènì ńlá sábà máa ń wà, orí rẹ̀ náà ni ewu sì wà.

Àwìn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ kiri ìlú dé ìlú, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Láyé àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, ológò ni a ń rán lọ jókòó ti ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò san. Báńkì òde òní kò níláti lóṣòó. Láti oṣù August 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí à ń pè ní CBN, ti la ọ̀nà tí báńkì fi lè yọ gbèsè tí ó ti kọjá àkókò nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn, nítorí pé nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá gba káàdì àwìn mọ̀ pé òṣómàálò tirẹ̀ ti wọ ilé.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa fi ń wá káàdì kiri? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní 2022, nígbà tí dọ́là ṣọ̀wọ́n, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye tí a lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù, títí ó fi di 20 dọ́là lóṣù ní ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ọdún náà yóò fi parí, púpọ̀ ti ti ilẹ̀kùn náà pátápátá. Oníṣòwò tí ó wà ní Dubai tàbí ní Guangzhou lásìkò náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó di 2025 kí àwọn báńkì kan tó tún ṣí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí ó ní káàdì dọ́là ni ó rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé káàdì dọ́là lásán ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe káàdì èènì. Nínú ìwé ìlànà tí CBN gbé jáde ní 2020, owó ìtọ́jú irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 10 dọ́là lọ lọ́dún.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ta ni ń san owó èènì? Ọ̀nà mẹ́ta ni owó náà ń gbà dé ọwọ́ báńkì. Nígbàkígbà tí o bá fi káàdì rajà, ẹni tí ó tajà fún ọ ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni owó ọdún tí ìwọ fúnra rẹ ń san. Ẹ̀kẹta ni èlé tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò san gbèsè wọn pé. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó san wà lára àwọn tí ń bọ́ ẹni tí ń gba èènì. Ẹ wo alájọ wa ní Ọjà'ba: owó ọjọ́ kan ni ó ń mú nínú oṣù. A mọ̀ ọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń rìn wá sí ìsọ̀ wa lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí á fi wọn káàdì náà nìyẹn: èló ni mo san, iṣẹ́ wo ni mo rí?

Ó yá, ẹ mú bírò. Kí á sọ pé owó ọdún káàdì kan jẹ́ 95 dọ́là, tí ó sì ń fúnni ní èènì 2 dọ́là lórí gbogbo 100 dọ́là tí a bá ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì. Kí èènì tó lè bá owó ọdún dọ́gba, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ná 4,750 dọ́là lórí ìrìnàjò nínú ọdún kan. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ. Oníṣòwò tí ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí tíkẹ́ẹ̀tì àti òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 3,000 dọ́là lápapọ̀, 60 dọ́là ni èènì tirẹ̀. Ó ti pàdánù 35 dọ́là kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní òun ń ra ọjà ogún ẹgbẹ̀rún dọ́là, èmi yóò bi í pé: ṣé káàdì ni oníbàárà rẹ ní Guangzhou ń gbà? Púpọ̀ nínú wọn, owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì ni wọ́n ń fẹ́. Owó ọjà tí kò gba inú káàdì kọjá kò ní èènì kankan.

Yàrá ìsinmi ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Priority Pass, tí ń ta àṣẹ ìwọlé sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, ń gba 35 dọ́là fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó san owó tí ó kéré jù. Òṣìṣẹ́ báńkì yóò sọ fún ọ pé bí o bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin, 140 dọ́là ni o jèrè. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ, ṣé o lè yọ 35 dọ́là, èyí tí ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, nínú àpò rẹ fún tíì àti búrẹ́dì? Bí o kò bá lè rà á, má ṣe kà á mọ́ èrè. Iye tí ìwọ ìbá fínnúfíndọ̀ san ni kí o kọ sínú ìṣirò rẹ.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà náà ń rí i. Ní oṣù June 2025, owó ọdún káàdì Sapphire Reserve ti báńkì Chase fò láti 550 dọ́là sí 795. Ní oṣù September ọdún kan náà, ti Platinum American Express kúrò ní 695 dọ́là, ó di 895. Lóòótọ́ ni wọ́n fi èènì kún èènì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìdè lọ́rùn: ibi báyìí ni o ti gbọ́dọ̀ ná an, kí àkókò báyìí tó kọjá. Ọmọ tí iṣẹ́ ń gbé fò lóṣooṣù lè jèrè níbẹ̀. Èyí tí ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún Iléyá, owó ni ó ń fi ta báńkì lọ́rẹ.

Síbẹ̀, owó ọdún kọ́ ni ewu tí ó tóbi jù. Kí á sọ pé ẹnì kan jẹ 1,000 dọ́là lórí káàdì, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ó bá fi oṣù kan pẹ́, 20 dọ́là ni èlé rẹ̀. 20 dọ́là náà gan-an sì ni èènì tí ó gbà nígbà tí ó ná 1,000 dọ́là náà. Oṣù kan péré ti gbé e lọ. Oṣù kejì ti wọ inú owó ọjà. Nílé wa níhìn-ín, èlé tí CBN fi ṣe òdíwọ̀n fún àwọn báńkì gòkè dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù November 2024, kí wọ́n tó dín in sí 27 ní oṣù September 2025. Sógúndógójì kò jìnnà sí irú èyí.

Ẹ sì má gbàgbé ìṣubú náírà. Kí Ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù June 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 470 náírà ní báńkì. Ní oṣù February 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí gbèsè 1,000 dọ́là wà lọ́rùn rẹ̀, tí ó rò pé 470,000 náírà ni òun jẹ, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí i pé ó ti di mílíọ̀nù kan ààbọ̀, láìjẹ́ pé ó ra abẹ́rẹ́ kan kún un. Èènì wo ni ó lè dí irú ihò bẹ́ẹ̀?

Àwa Mùsùlùmí tún ní òṣùwọ̀n kejì. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fiqh ti gbogbo àgbáyé Islam, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah, pàdé ní Riyadh ní oṣù September 2000. Wọ́n fi ẹnu kò pé kò tọ́ kí á gba káàdì àwìn tí èlé bá wà nínú àdéhùn rẹ̀, kódà bí ẹni tí ó gbà á bá ní in lọ́kàn láti san gbèsè rẹ̀ kí ọjọ́ èlé tó pé. Wọ́n ní owó tí báńkì gbà fún iṣẹ́ tí ó ṣe lórí káàdì kò burú, bẹ́ẹ̀ ni ìdá tí ẹni tí ń tajà ń fi sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Muscat ní oṣù March 2004, wọ́n fọwọ́ sí káàdì tí ń ná owó oníkáàdì fúnra rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí èlé nínú rẹ̀. Nítorí náà, owó ọdún fúnra rẹ̀ kì í ṣe ríbà. Owó iṣẹ́ ni, bí owó alájọ. Èlé tí ó lúgọ sínú ìwé àdéhùn ni kí á ṣọ́ra fún. Ẹ gbé ìwé náà tọ alfa tí ó mọ̀ ọ́n kà lọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé sì ti wà ní Nàìjíríà: Jaiz láti 2012, TAJBank láti 2019, àti Lotus láti 2021.

Àwọn mìíràn ń rò pé èènì yìí ni yóò gbé àwọn dé Mẹ́kà. Ẹni tí ó bá gba ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Alálàájì ìpínlẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfurufú tí a dìídì yà sọ́tọ̀ fún Hájì ni yóò wọ̀. Owó Hájì náà, ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ ni à ń san án sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 2025, owó Hájì fún àwa ará Gúúsù jẹ́ 8,784,085.59 náírà. Irú owó bẹ́ẹ̀, à ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 2020 ni NAHCON àti báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ ètò ìfowópamọ́ fún Hájì. Àwọn ará Malaysia ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1963, nínú ètò tí a wá mọ̀ sí Tabung Haji, lẹ́yìn tí ọ̀jọ̀gbọ́n Ungku Aziz dá a lábàá ní 1959.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹni tí ó fẹ́ gba káàdì èènì fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣé ìrìnàjò tí ń bẹ nílẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, láìfi ọ̀kan kún un, tó láti mú èènì ju owó ọdún lọ? Ṣé owó tí n óò fi san gbèsè náà pé wà nílẹ̀ kí n tó ná an? Ṣé ìwé àdéhùn rẹ̀ mọ́ kúrò nínú èlé? Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta, kí ó fi í sílẹ̀. Ojú tèmi, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwa tí à ń tajà láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba kò nílò rẹ̀. Káàdì dọ́là olówó kékeré, tí a rọ owó tiwa sí, ti tó.

Bí ó bá sì jẹ́ máìlì ọ̀fẹ́ ni ẹ ń fẹ́, ẹ lè rí i láìgba káàdì rárá. Emirates, tí ó padà sí Èkó ní oṣù October 2024, àti Ethiopian, àti Qatar Airways, gbogbo wọn ní ìwé ẹgbẹ́ tí a ń fi orúkọ sí láìsan kọ́bọ̀. Ẹ fi orúkọ sí i kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tètè ná máìlì yín, nítorí ti Emirates kì í ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó kú.

Èènì dára, ṣùgbọ́n ọjà ni à ń kọ́kọ́ rà kí á tó béèrè èènì. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa. Wassalam.