Àwọn ọ̀tá méjì tó jọ lé Olóde lọ

Àwọn Yorùbá kì í dárúkọ àrùn Ṣọ̀pọ̀ná gbàǹgbà. Olóde ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn a ní Ilẹ̀gbóná. Ẹni tí kò bá pa, yóò dá àpá sí lójú, ó sì lè fọ́ onítọ̀hún lójú pátápátá. Láàárín ọdún 1900 sí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 èèyàn ló pa káàkiri ayé.

Viktor Zhdanov, igbákejì mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ló dìde lọ́dún 1958 níbi ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó ní kí gbogbo ayé para pọ̀ pa àrùn náà rẹ́. Minneapolis ló ti sọ ọ́, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àdó olóró tí Sófíẹ́ẹ̀tì kó sí Kúbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Kì í kúkú ṣe ìfẹ́ ló mú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí owó iṣẹ́ náà lọ́dún 1966, ìbò méjì péré ló fi wọlé. Marcelino Candau, ọmọ Brasil tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà, kò gbà pé ó lè ṣeé ṣe. Ó ní ọmọ Amẹ́ríkà ni kí wọ́n fi ṣe olórí, kó lè jẹ́ pé bó bá forí ṣánpọ́n, Amẹ́ríkà ni ayé yóò bú. Bí D. A. Henderson ṣe dórí oyè nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà nígbà tó yá.

Sófíẹ́ẹ̀tì ń kó àjẹsára wá, èyí tí wọ́n ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ kí ooru má baà tètè bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n pèsè lé ní bílíọ̀nù kan. Amẹ́ríkà náwó, ó sì rán òṣìṣẹ́ wá sí orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ọmọ Amẹ́ríkà, Benjamin Rubin, ló ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò: ẹnu rẹ̀ là sí méjì bí àmúga kékeré. Wọ́n á tì í bọ inú oògùn, bíńtín á há sáàárín ẹnu méjèèjì, wọ́n á wá fi gún apá nígbà 15 lójú kan náà.

Ní Ọ́gọ́jà, lápá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àjẹsára kò kárí ní òpin ọdún 1966. William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, bá àwọn míṣọ́nnárì sọ̀rọ̀ lórí rédíò láti mọ abúlé tí àrùn náà wà. Àwọn abúlé yẹn àtàwọn tó yí wọn ká ni wọ́n fún lábẹ́rẹ́, àrùn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé dé Íńdíà.

Ní May 1970 ni ti Nàìjíríà parí. Lọ́dún 1977, alásè kan ní ilé ìwòsàn ìlú Merca ní Sòmálíà ló kó o kẹ́yìn láwùjọ. Nígbà tí àjọ náà fi máa kéde ní May 8, 1980 pé ó ti tán láyé, àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì ti wọ Afghanistan, Amẹ́ríkà sì ti ní òun kò ní bá wọn dé Òlíńpíìkì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Moscow. Ìjà ń lọ, iṣẹ́ náà ń lọ.

Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ni irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ báyìí, àwọn náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbógun ti àrùn kan náà. Nígbà Ebola ọdún 2014, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó ìtọ́jú ní Làìbéríà, Ṣáínà sì kọ́ ilé àyẹ̀wò sí Sierra Leone. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà dé, ẹ̀sùn ni wọ́n ń fi kan ara wọn. Ní January 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ìwé pé Amẹ́ríkà yóò kúrò nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Ẹni tó bá ń retí kí Washington àti Beijing kọ́kọ́ di ọ̀rẹ́ yóò dúró pẹ́. Ohun tó yẹ kí ayé béèrè lọ́wọ́ wọn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹni tí àrùn tuntun bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tètè ta èkejì lólobó, kí àwọn dókítà wọn lè máa pe ara wọn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ olóṣèlú, kí owó àjẹsára fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ sì ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé.