Ìgbàgbé Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde tí kò sì dára, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń ti ẹnu òbí àti olùkọ́ jáde ni pé ọ̀lẹ ni ọmọ náà, tàbí pé olódo ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kò sùn. Ó tan àtùpà, ó ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó jókòó ti ìbéèrè, gbogbo rẹ̀ pòórá. Pàṣán ni ó dúró dè é nílé, ẹ̀sín ni ó dúró dè é ní ilé-ìwé. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbà pé orí àwọn kò gba ìwé; àwọn kan fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìwé wò nínú ìdánwò. Ọ̀ràn tí ó ń ba ayé ọ̀dọ́ jẹ́ báyìí tó ohun tí àwùjọ Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ fi làákàyè yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan. Ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ṣe ìwádìí náà. Ó kọ́ àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wọn iye làálàá tí yóò gbà á láti tún wọn kọ́ lẹ́yìn wákàtí, lẹ́yìn ọjọ́ àti lẹ́yìn oṣù kan. Ó rí i pé láàárín ọjọ́ kan péré, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn èyí, ìyókù ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí i pé àkàtúnkà tí a pín sí ọjọ́ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí a kó jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Bí ìgbàgbé bá bá ọ̀mọ̀wé báyìí, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan láti kọ́. Ìpín kan jókòó kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìpín mìíràn jókòó kà á ní ẹ̀ẹ̀kan, a sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó ń kà á ṣáá ni ó borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tí ó ń kà á ṣáá rántí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ó dán ara wọn wò sì rántí nǹkan bí ìdá 61. Síbẹ̀, àwọn tí ó ń kà á ṣáá ni ọkàn wọn ti balẹ̀ jù pé àwọn yóò rántí.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìwé tí a ń kà lákàtúnkà dà bí ẹni tí a ń pàdé lójoojúmọ́ lọ́jà: ojú dá a mọ̀, ẹnu kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí a bá pa ìwé dé, tí a sì fi agbára wá ohun tí a kà nínú ọkàn, ni ọ̀nà tó ń là. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń rìn kì í di igbó. Ní ọdún 2013, John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wò. Méjì tí wọ́n gbé ga jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dán ara rẹ̀ wò, àti kí ó máa fi àlàfo ọjọ́ sáàárín àtúnkọ́ rẹ̀. Àkàtúnkà àti ìlà tí a ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wà lára àwọn tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Nínú ilé kéwú, ọmọ a máa gbé wàláà rẹ̀ sílẹ̀, a sì ka ẹ̀kọ́ àná jáde lórí níwájú Àáfà kí ó tó gba tuntun. Hádíìsì fi múlẹ̀ pé Màláíkà Jibrílù máa ń bá Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe àtúnkà Al-Kùránì lọ́dọọdún nínú oṣù Ramadan, àti pé ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí wáyé ní ọdún tí Ànábì fi ayé sílẹ̀. Bí ẹni tí ó gba ìfihàn bá ń ṣe àtúnkà, ta ni ọmọ ilé-ìwé tí a ó retí pé kí ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó má sì gbàgbé?

Ó ṣe ni láàánú pé àṣà rere yìí ti ní àbùkù. Ní ọ̀pọ̀ ilé kéwú, pàṣán ti wọ inú rẹ̀: ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ń wo ọwọ́ Àáfà, ọkàn rẹ̀ kò sí lára ẹ̀kọ́. Ní ilé-ìwé, ìbéèrè ni ó sọnù: olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, ọmọ dà á kọ, ó sì di ìparí táàmù kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ná owó. Kí olùkọ́ fi ìṣẹ́jú 5 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí gbogbo ìwé wà ní pípadé, kí ó sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ àná, ọ̀kan nínú ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú ti oṣù tí ó kọjá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn tirẹ̀ kí a tó pe ẹnikẹ́ni, nítorí bí ó bá jẹ́ àwọn tí ó ń nawọ́ nìkan ni ó ń dáhùn, àwọn nìkan ni ó ń jèrè. Kí ó sọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà lójú ẹsẹ̀, kí àṣìṣe má bàa fìdí múlẹ̀. Kí ó má gba máàkì sílẹ̀, kí ó má sì na ẹni tí ó gbàgbé. A ti dán irú ìbéèrè kékeré báyìí wò nínú kíláàsì ní ilé-ìwé kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, a sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: àwọn ọmọ náà mọ ohun tí a ti bi wọ́n léèrè nínú ìdánwò ju ohun tí a kò bi wọ́n lọ.

Olùkọ́ lè sọ pé iṣẹ́ tí ìjọba ní kí òun kọ́ pọ̀, àti pé ọmọ 60 ni ó wà níwájú òun. Òtítọ́ ni, ẹrù wíwúwo sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a sáré parí tí ẹnikẹ́ni kò rántí, a kò tíì kọ́ ọ. Kí olùkọ́ sì rántí pé àkọ́sórí láìsí òye kò tó, kí ó máa béèrè "kí ni ìdí rẹ̀?" bí ó ti ń béèrè "kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ní ti ọ̀dọ́ tí ìdánwò ń bẹ níwájú rẹ̀, kí ó má dúró de òru ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ bá ìdánwò. Kí ó kà, kí ó pa ìwé dé, kí ó kọ ohun tí ó rántí, kí ó sì ṣí ìwé láti wo ibi tí ó kù sí. Kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá nira, kí ó má ṣe bọ́hùn. Ìnira náà ni iṣẹ́ fi ń di ṣíṣe.

Ojúṣe òbí àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí tí ó ní ilé kéwú tàbí ilé-ìwé lábẹ́ àkóso ni kí wọ́n gba pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́, kí wọ́n sì fi ìbéèrè rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí a pè ní olódo lánàá lè jẹ́ ẹni tí a kò tíì bi léèrè bí ó ti yẹ. Kí Ọlọ́hun Ọba fi òye kún ìmọ̀ àwọn ọmọ Mùsùlùmí, kí Ó sì fi sùúrù jíǹkí àwọn tí ó ń kọ́ wọn. Àmín.