Ìmọ́lẹ̀ Òòrùn àti Ọwọ́ Ayàwòrán: Èsì fún Àwọn Tí Ń Fojú Tẹ́ńbẹ́lú Tiwa

Ó ti di àṣà láàárín àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa láti máa wí pé iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ayé àtijọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà rárá. Wọ́n ní òwò lásán ni; wọ́n ní àìsí iná mànàmáná ni ó mú wọn gbé àga sí àgbàlá, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kámẹ́rà lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn kan náà ni yóò sì rìnrìn-àjò lọ sí Párísì, tí wọn yóò sanwó láti dúró níwájú àwọn àwòrán Claude Monet, tí wọn yóò máa mi orí pé, "Èyí gan-an ni ọnà!"

A kò bá Monet jà. Ẹni tí ó kun iwájú ilé ìjọsìn kan ṣoṣo ní ìlú Rouen ju ìgbà 30 lọ láàárín 1892 àti 1894, kí ó lè fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń yí padà lára òkúta, ó yẹ fún ìyìn. Ohun tí a ń bèèrè ni èyí: kí ló dé tí sùúrù níwájú ìmọ́lẹ̀ fi jẹ́ ọgbọ́n lọ́wọ́ ará Faransé, tí ó sì di òṣì lọ́wọ́ ènìyàn dúdú?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn Seydou Keïta yẹ̀ wò, ọmọ ìlú Bamako ní ilẹ̀ Mali, tí a bí ní nǹkan bí 1921. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó kọ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1935 ìbátan rẹ̀ kan mú kámẹ́rà kékeré kan ti ilẹ̀ Senegal bọ̀ fún un, láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò sì ti kúrò nínú iṣẹ́ yìí mọ́. Ní 1948 ó ṣí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀. Àgbàlá ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ni ó sì fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú iṣẹ́ náà. Aṣọ ìtẹ́bùsùn ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya ènìyàn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Òòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wà ní àtàrí gangan, òjìji yóò kún ihò ojú. Bí ó bá ti ẹ̀yìn wá, ojú yóò ṣókùnkùn. Bí ó bá sì kọlu ojú tààrà, ojú náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ bí awo. Ayàwòrán ní láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé rọ̀, kí ó yí orí ẹni náà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè rọra kọjá lára ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ara dúdú máa dán láìparẹ́ sínú òkùnkùn, kí aṣọ funfun má sì di àlàfo lásán. Gbogbo èyí ni ojú rẹ̀ ní láti rí kí ìka rẹ̀ tó gbéra. Bí èyí kì í bá ṣe ọnà, kí ni à ń pè ní ọnà?

Wọn yóò dáhùn pé àìní ni ó kọ́ ọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Líle irin ni ó sọ alágbẹ̀dẹ di alágbẹ̀dẹ. Òòrùn kan náà ni ó ràn sórí gbogbo ará Bamako. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó di Keïta.

Bí ẹnìkan bá sì wí pé Bamako jìnnà sí wa, a ó mú un padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí a bí Àìná Onabolu sí ní 1882. Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó kan ń wí pé ènìyàn dúdú kò lè kun ojú ènìyàn bí ó ti rí gan-an. Onabolu fi ojú ara rẹ̀ kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti ń fún ojú ní ìrísí, ó sì kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. Ọdún 1920 ni ó tó lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti kọ́ iṣẹ́ náà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ kíyèsí i: ọdún 14 ni ọwọ́ rẹ̀ ti fi jẹ́rìí kí ó tó jókòó níwájú olùkọ́ òyìnbó kankan níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó fi ìmọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Èkó.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀ràn gbé dùn wá jùlọ. Ní 1991 a gbé àwọn àwòrán Keïta kọ́ sí ibi àfihàn ńlá kan ní New York. Ohun tí a sì kọ sábẹ́ wọn ni pé a kò mọ ẹni tí ó yà wọ́n. Keïta wà láàyè ní Bamako! Ọdún 1994 ni Párísì tó ṣe àfihàn tirẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ní 2001 ó kú. Ohun tí a kò bá kọ orúkọ sí, àlejò ni yóò sọ ọ́ ní aláìlórúkọ.

Ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ yí àwòrán baba yín tí ó wà lára ògiri padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, kò sí orúkọ baba, kò sí ọdún, áńbọ̀sì orúkọ ẹni tí ó yà á. Bí ayafọ́tò àgbà bá sì kú, àwọn ọmọ a máa da àpótí fíìmù rẹ̀ sí ààtàn, ìtàn ìlú a sì bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ẹ tó kọ orúkọ, ọdún àti ibi sí ẹ̀yìn àwòrán ilé yín. Kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan wá àwọn ayafọ́tò àgbà lọ, kí wọ́n gba orúkọ àti ìtàn wọn sílẹ̀. Kí ààfin kọ̀ọ̀kan sì ya yàrá gbígbẹ kan sọ́tọ̀ fún fíìmù wọn, níbi tí òjò àti ikán kò lè dé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí.