Ẹ Sọ Ti Ọkàn Yín Fún Dókítà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní Kano tàbí Jos, tí oorun ti dá lójú wọn, kì í sọ fún dókítà pé ìbànújẹ́ ni. Wọn a ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn níbẹ̀ bí èèrà, àyà àwọn ń já. Èdè Haúsá tí a fi ń ná ọjà kò tó láti fi ro ẹjọ́ ọkàn. Dókítà a kọ oògùn ibà, aláìsàn a sì gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé.

A kò dá aláìsàn nìkan lẹ́bi. Ó tọ́ kí dókítà béèrè: Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti sú yín? Ṣé ó ti ṣe yín bíi kí ẹ kú? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ti ènìyàn sí ikú, bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù.

Láti ìgbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ti fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ti hàn pé ìtọ́jú kì í ṣe àhámọ́. Dókítà àdúgbò lè fi ọ̀rọ̀ sísọ wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò tí ì wọra. Bí ó bá kan oògùn, ó sábà ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ara tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó jù ú nù ní ọjọ́ karùn-ún kò tí ì lò ó. Oògùn oorun ní tirẹ̀ lè di bárakú. Èyí tí ó bá ju agbára dókítà náà lọ ni yóò fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni yóò ṣe ògbufọ̀, kí onítọ̀hún mọ̀ pé ohun tí òun gbọ́ ní yàrá dókítà kò gbọdọ̀ dé ìpàdé.